Iṣẹ́ Àṣetiléwá Kíláàsì Kẹta: Àkọsílẹ̀ Ọdún Ẹ̀kọ́ Kan ní Ìbàdàn

Bí iṣẹ́ àṣetiléwá ṣe rí nínú kíláàsì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí: kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ọjẹ́ ní Ìbàdàn, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 di oṣù Keje ọdún 2023. Èmi ni tíṣà wọn. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, n kò sì ní dárúkọ ọmọ kankan. Àwọn òbí wọn ṣì wà ládùúgbò, ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà.

Àwọn ọmọ náà lé ní ogójì. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bí ẹnì kan bá kàgbákò láti gbàgbé pẹ́ńsù sílé, àwọn méjì tó kù náà kò ní sinmi. Ọmọ aláṣọ wà níbẹ̀, ọmọ mẹkáníìkì, ọmọ ọlọ́kadà, ọmọ aránṣọ. Àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà kò kéré rárá, nítorí pé ìyá wọn wà ní Èkó tàbí ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn.

Kíláàsì kẹta kì í ṣe kíláàsì tí èèyàn lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé èdè àdúgbò ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì máa jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, kó tó wá di èdè tí a fi ń kọ́ gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹrin. Lórí ìwé nìyẹn o. Ìwé tí a gbé fún ọmọ lọ́wọ́ ni ìlànà tòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn, àfi ìwé Yorùbá nìkan. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tí àwọn òbí fowó ara wọn rà, Gẹ̀ẹ́sì ni láti èèpo dé èèpo.

Nígbà tí sáà kìíní fi máa pé oṣù kan, iṣẹ́ àṣetiléwá tó ń padà sọ́wọ́ mi ti pín sí oríṣìí mẹ́ta. Èyí tó pọ̀ jù ni ojú ewé tó funfun báláú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni èyí tí wọ́n ṣe dáadáa jù, tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì tàbí ti tíṣà lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà kò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe, tó sì ro gbogbo nómbà tó bá rí pọ̀. Ìbéèrè kan wà pé wọ́n ní ọsàn mẹ́rìnlélógún, wọ́n fẹ́ pín in fún ọ̀rẹ́ mẹ́fà. Ọgbọ̀n ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n rí 24, wọ́n rí 6, wọ́n rò wọ́n pọ̀, ó tán.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ pípín. Mo gbé ẹ̀pà lé orí tábìlì, mo ní kí wọ́n pín in dọ́gba-dọ́gba láàrin ara wọn. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, wọ́n ti pín in, wọ́n ti bá ẹni tó fẹ́ rẹ́ wọn jẹ jà, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi. Mo bi í pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ohun tó kà yẹn. Ó wo ojú mi, ó ní, “Àǹtí, òyìnbó ni.” Òmíràn rí ìbéèrè tó ní “How many are left?”, ó gbé ìwé wá bá mi, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ní ṣé èyí ni wọ́n ń sọ. Kò ṣẹ̀fẹ̀ o. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì kìíní ló ń sọ, pé “left” ni òsì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé àwọn ọmọ kọjá nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo bá ń lọ sílé. N kò pè é ní àyẹ̀wò. Mo kàn ń kí àwọn òbí ni. Ohun tí mo rí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdúgbò wa. Àárín aago mẹ́rin sí aago méje tí ìwé ń retí pé kí ọmọ jókòó kàwé, àkókò yẹn gan-an ni ọjà alẹ́ ń gbérasọ. Ọmọ ń kiri omi, ó ń gbé àbúrò pọ̀n, ó ń bá ìyá rẹ̀ fọ ìkòkò. Bí wọ́n bá parí, iná ti lọ. Ìyá àgbà kan ló sọ ọ̀rọ̀ tó yé mi jù. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ yìí máa ń jókòó ti ìwé yẹn títí. Èmi náà á jókòó tì í. A ó kàn máa wo ara wa ni.”

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà wa. Mo ní mo fẹ́ máa fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá ní Yorùbá, kí ó sì jẹ́ ìbéèrè tí ọmọ yóò gbé sẹ́nu lọ sílé, tí àgbàlagbà tó wà nílé yóò lè dáhùn, ìbáà mọ̀wé, ìbáà má mọ̀wé. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn, inú kíláàsì ni a ó ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ parí rẹ̀ sílé. Ọ̀gá àgbà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àdéhùn kan: ojú ewé kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù nínú ìwé náà tí ọdún bá parí, nítorí pé àwọn òbí ti sanwó rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òbí tó rí ojú ewé òfìfo yóò sọ pé tíṣà kò ṣiṣẹ́.

Èrò náà kì í ṣe tèmi o. Gbogbo tíṣà tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá ló mọ ohun tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, kó àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́ jọ, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́nsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n ní kíláàsì mìíràn tó ń tẹ̀lé ọ̀nà àtijọ́, ìyẹn Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ti ń bá a fà á láti ìgbà náà pé ìwé tuntun àti tíṣà àkànṣe tí wọ́n ní ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé Yorùbá pa ọmọ wọ̀nyẹn lára.

Èmi kò ní ìwé tuntun, kò sì sí Ford Foundation kankan lẹ́yìn mi. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà ni mo fi ń kọ ìbéèrè sílẹ̀.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó tẹ̀lé e gbóná. Bàbá kan dìde, ó ní, “Ẹ má bínú o, àǹtí. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, ṣé ilé kò tó kọ́ ọ ni? Owó Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń san.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. N kò dá a lẹ́bi, mo mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì tì sẹ́yìn ní báńkì àti ní ọ́fíìsì kò ní fẹ́ kí wọ́n tún fi ti ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Màmá kan tó ń ta ata ló dá a lóhùn kí n tó lanu. Ó ní, “Bàbá, ìgbà wo lẹ bá ọmọ yín ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn? Èmi bá tèmi ṣe lánàá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kọkànlá, ìjọba àpapọ̀ wá kéde pé ìlànà tuntun ti dé: èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi wá ń pè mí ní mínísítà. Ṣùgbọ́n Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gidi nígbà náà, Adamu Adamu, fi kún un lọ́jọ́ náà pé ó dìgbà tí ìwé bá wà tí tíṣà tó kúnjú òṣùwọ̀n sì wà kó tó lè di ṣíṣe tán. Mo fi etí sí ìyẹn ju ìkéde lọ.

Ìṣirò ni a fi ṣí sáà kejì, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé Yorùbá nìkan kọ́ ni oògùn ohun gbogbo. Mo pe nómbà fún wọn kí wọ́n kọ ọ́: márùndínlógójì. Ó lé ní ìdajì kíláàsì tó kọ 45. Etí wọn gbọ́ márùn-ún, ó gbọ́ ogójì, ọwọ́ sì kọ ohun tí etí gbọ́. Bí mo bá pe “thirty-five”, wọn kì í ṣì í, nítorí pé bí a ṣe ń pè é náà ni a ṣe ń kọ ọ́. Àwọn tó ń sọ pé kí a kàn gbé Gẹ̀ẹ́sì jù nù kúrò nínú ìṣirò kò tíì dúró níwájú ogójì ọmọ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin kan ló gbé ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ wá. Ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ, wọ́n jọ ń ta ọṣẹ dúdú. Mo kọ 38 àti 27 sójú pátákó pé kí wọ́n rò ó pọ̀. Àwọn yòókù ń ka ìka: mẹ́jọ àti méje, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kọ márùn-ún, fi ọ̀kan sọ́wọ́. Ọmọ yìí ti kọ 65, ó ti ká ọwọ́ gbera. Mo ní kó wá sọ bó ṣe ṣe é. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀, ó ní, “Méjì ló dín lógójì. Mẹ́ta ló dín lọ́gbọ̀n. Ogójì àti ọgbọ̀n, àádọ́rin. Ó wá dín márùn-ún.” Márùndínláàádọ́rin. Kò sí ohun tó fi sọ́wọ́, kò sí ìka tó kà. Mo fún un ní 38 àti 22. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀: “Ọgọ́ta. Ó dín méjì, ó tún lé méjì.” Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, bí àwọn ṣe ń ṣírò owó ọṣẹ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ àṣetiléwá ọjọ́ Ajé di pé kí ọmọ mú àròpọ̀ méjì lọ bá àgbàlagbà nílé, kó ní kí wọ́n bá òun ṣe é lórí, láìkọ ọ́ sílẹ̀, kó sì wá sọ fún wa bí wọ́n ṣe gbà á. Ní kíláàsì, a máa ń ṣe é ní ọ̀nà méjèèjì, ti ilé àti ti ìwé, a ó sì wò ó bóyá ẹnu wọn kò. Àwọn tó máa ń kọ 45 fún márùndínlógójì ń dín kù. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé láti ẹyọ kan dé mẹ́rin a máa ń lé sí i, pé láti márùn-ún lọ a máa ń dín lára èyí tó ń bọ̀ níwájú, wọ́n fi ṣe eré. Ṣùgbọ́n ìsọdipúpọ̀, àkọ́sórí ni, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àràárọ̀ ni a ń kọ ọ́ lórin, ní Gẹ̀ẹ́sì, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́.

Ìbéèrè kóńgò ló fẹ́ dìjà. A ń kọ́ nípa ìwọ̀n. Mo ní kí kálukú fi àgolo mílíìkì wọn gàrí tàbí ìrẹsì sínú kóńgò tó wà nílé wọn, ẹni tí kò bá ní lè lo iyanrìn, kó sì sọ iye àgolo tó kún un. Lọ́jọ́ kejì mo kọ ìdáhùn wọn sójú pátákó, kò sì dọ́gba. Inú mi dùn, ohun tí mo fẹ́ fi kọ́ wọn gan-an nìyẹn: ìdí tí ayé fi jókòó ṣe líítà àti kílógíráàmù. Àwọn ọmọ kò wò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo iye tó kéré jù, wọ́n wo ẹni tó mú un wá, ìyá rẹ̀ sì ń ta gàrí.

Ìyá náà dé ilé-ìwé kí agogo tó lù. “Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀yin ni àǹtí kíláàsì kẹta?”

“Èmi ni, mà. Ẹ jókòó.”

“N kò ní jókòó. Ọmọ mi ní ẹ ní kí òun wá wọn kóńgò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán yín sí mi?”

Mo ṣàlàyé. Mo mú ìwé ìbéèrè jáde, mo ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ fún wọn. Mo fi ìwé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì hàn wọ́n, níbi tí wọ́n ya àwòrán jọ́ọ̀gì kan tí ẹnikẹ́ni kì í lò ní Ìbàdàn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà ò ti ẹ̀ mọ nǹkan kan. Kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọlé yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò lù. Èyí tó gbé òkìtì lórí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọwọ́ gé lẹ́nu. Bí ẹ bá ní kóńgò tèmi kéré, ẹ tíì wo òkìtì tí mo ń gbé lé e?”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Wọ́n wá lóòótọ́, pẹ̀lú kóńgò méjì àti gàrí nínú àpò. Wọ́n wọn gégé, wọ́n wọn òkìtì, àwọn ọmọ ń fi àgolo kà á. Ọmọ wọn jókòó níwájú, ó gbé orí sókè bí ọmọ ọba. Mo ti wá ń ṣọ́ra fún ìbéèrè tó bá kan òwò ẹlòmíràn. Mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé bí ìdáhùn rẹ̀ bá bọ́ sójú pátákó, ta ni ojú yóò tì?

Oṣù Kejì ọdún 2023, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Báńkì Àpapọ̀ ti ṣe igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan tuntun, tuntun kò kárí, ọjà kò gba àtijọ́ mọ́. Ọmọ ń wá sílé-ìwé láìní owó ìjẹun. Kì í ṣe pé òbí kò ní, owó ló wà ní báńkì tí kò ṣeé mú jáde. A ti ń ṣe ọjà inú kíláàsì láti oṣù Kìíní, ìdérí mínírà ni a fi ń ná an. Lọ́jọ́ kan ọmọkùnrin kan ra “ẹja” lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mú páálí kan tó gé bíi fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Mo ti ṣe tiránsífà.” Oníṣòwò náà gbé páálí tirẹ̀ sétí, ó mi orí: “Álààtì kò tíì wọlé. Gbé ẹja mi sílẹ̀.” N kò lè kọ́ wọn ní nǹkan kan mọ́ títí agogo fi lù.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ fi ara balẹ̀ sọ. Ní sáà kìíní, ó wà lára àwọn tí ìwé wọn máa ń funfun, mo sì ti kà á mọ́ àwọn tí ará ilé kò ráàyè fún. Nígbà tí ìbéèrè di èyí tí wọ́n ń gbé sẹ́nu, ìdáhùn rẹ̀ ń wá, ṣùgbọ́n kì í bá ìbéèrè mu. Mo ní kó bi wọ́n nílé pé oríṣìí ewé wo ni wọ́n fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó wá sọ fún mi nípa ẹyẹlé. Àwọn ọmọ ń fi ṣẹ̀sín. Ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún mi pé ohun tó gbé dé ilé náà ni òun dá a lóhùn. Ìbéèrè ti yí padà kó tó kúrò nínú kíláàsì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò yíjú. Mo bọ́ sí ọ̀tún, mo tún pè é, ó gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé etí òsì rẹ̀ ń ṣọyún, ó sì ti pẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn, mo gbé e wá síwájú, kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọjú sí mi. Kò di olórí kíláàsì o, ṣùgbọ́n ewé ọ̀lẹ̀lẹ̀ kì í di ẹyẹlé mọ́. Ojú ewé tó funfun kì í sọ ìdí tó fi funfun fún èèyàn. Òmíràn kò rí iná, òmíràn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn kò tilẹ̀ gbọ́ràn rárá.

Sáà kẹta ni sáà àgbàdo. Òjò ti fìdí múlẹ̀ nígbà tí a wọlé, a kọ ebè sẹ́yìn ilé-ìwé, kálukú gbin tirẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́kọ́ ni kí wọ́n bi àgbà nílé pé báwo ni èèyàn ṣe ń gbin àgbàdo. Bàbá àgbà kan gbọ́ bí a ṣe gbin tiwa, ó ránṣẹ́ sí mi pé a gbìn ín há ara wọn, pé bí a bá fẹ́ ṣe koríko kí a sọ. A fà díẹ̀ tu. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń fi rúlà wọn gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n sì ń ya ìlà sínú ìwé wọn tó ń gòkè bí àgbàdo ṣe ń gòkè. Ewúrẹ́ já wọlé lọ́jọ́ Àìkú kan. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kan tí ewúrẹ́ jẹ àgbàdo rẹ̀ tán mú rúlà, ó wọn ilẹ̀, ó sì ya ìlà rẹ̀ láti òkè já lulẹ̀ sí òdo. N kò tíì kọ́ wọn ní ìyẹn. Mo gbé ìwé rẹ̀ káàkiri ọ́fíìsì àwọn tíṣà.

Ní ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, a kó wọn lọ sí òkè Àrẹ́, síbi ilé gíga tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, tí gbogbo ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ka àtẹ̀gùn náà bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Iye tí àwọn tó kọ́kọ́ gòkè mú sọ̀ kalẹ̀ kò bá ti àwọn tó tẹ̀lé wọn mu, ìjà sì dé, a tún gùn ún. Láti òkè, wọ́n rí gbọ̀ngàn Mápó, wọ́n rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà títí dé ibi tí ojú mọ, kálukú wá ń na ìka sí ilé rẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tó jẹ́ nǹkan bíi ₦185 fò dé nǹkan bíi ₦500, owó ọkọ̀ tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọjọ́ jẹ. Ìbéèrè tí a ń gbé sẹ́nu ló gbà wá níbẹ̀, nítorí pé ọmọ tó wá lè gbé e dé ilé ẹni tí kò wá. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, a sáré parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. N kò rò pé ẹnikẹ́ni rí nǹkan kan gbà nínú ojú ewé wọ̀nyẹn.

Ìdánwò dé, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èsì rẹ̀ kò jọra. Nínú ìṣirò, ìbéèrè tó jẹ́ nómbà lásán lọ dáadáa ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìbéèrè tó jẹ́ ìtàn ṣì ń dà wọ́n rú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ro ohun gbogbo pọ̀ ti dín kù. Wọ́n ń bi ara wọn báyìí pé kí ni wọ́n ń béèrè ná. Nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, n kò rí ìyàtọ̀ kan tí mo lè búra lé. Ọmọbìnrin ọlọ́ṣẹ dúdú pàdánù máàkì nínú ìṣirò, nítorí pé ìwé ìdánwò ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn, ìdáhùn nìkan ló sì kọ. Mo bá tíṣà tó máàkì rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní òun kò lè máàkì ohun tí òun kò rí. Mo jàre, òun náà jàre.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sí kíláàsì kẹrin, mo kó àwọn ìwé ìbéèrè mi fún tíṣà tó gbà wọ́n. Ó ṣí wọn wò, ó fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ Ẹtì nìkan ni òun yóò lè máa lò wọ́n, nítorí pé sílábọ́ọ̀sì kíláàsì kẹrin kò fi àyè sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè abínibí tí wọ́n kéde ní 2022, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Túnjí Àlàúsá, ní Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ ọmọ. Kíláàsì kẹta ni àwọn ọmọ mi wà nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀. Wọ́n ti dé kíláàsì kẹfà nígbà tí wọ́n fagi lé e. Láàrin ìgbà méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò gbé ìwé ìṣirò Yorùbá kan ṣoṣo wá sí ilé-ìwé wa.